Wọ́n Ní Ọrọ̀ Ajé Ti Gbérí, Owó Wá Dà?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí akọ̀wé kọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìgbálẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ọjà kọjá ìlà. Ní ìpàdé wa tó kọjá, ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ dìde, ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ọrọ̀ ajé ti gbérí, pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i, pé owó oṣù ti gòkè. Ó ní òun fẹ́ béèrè pé ta ló kó o, torí pé kò dé ìsọ̀ òun. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ẹ̀rín lọ̀rọ̀ wá di àríyànjiyàn, débi pé àwọn ọmọ ìsọ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà náà dá sí i. Wọ́n ní tí owó oṣù bá gòkè lóòótọ́, kí ló dé tí tàwọn dúró sójú kan? Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ní ká wádìí ọ̀rọ̀ náà, ká kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yé wa. Ìwé mẹ́fà péré la kà o, ṣùgbọ́n a mọ ìṣirò owó, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń jókòó sọ́jà. Ìwé tí a fi ń kọ iye tí a ra ọjà àti iye tí a tà á, a ò sọ ọ́ nù láti ọdún 2011. Òun náà la yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi orúkọ tí wọ́n ń pè é. Rìsẹ́ṣọ̀n làwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é, àwọn oníwèé ìròyìn Yorùbá á ní ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì kan tó ń ka gbogbo ohun tí a ṣe àti ohun tí a tà nílẹ̀ yìí. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń kà á, bí alájọ ṣe ń ka káàdì. Tí oṣù mẹ́ta kan bá kéré sí irú àkókò yẹn lọ́dún tó kọjá, tí oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e náà tún kéré, wọ́n á ní rìsẹ́ṣọ̀n ti wọlé. Kì í ṣe pé owó ti tán pátápátá. Ẹni tó ń ta àpò gàrí mẹ́wàá lọ́sẹ̀, tó wá ń ta mẹ́sàn-án, tó tún wálẹ̀ sí mẹ́jọ, kò tíì kógbá sílé. Àmọ́ ọmọ tó ń bá a gbé àpò ti mọ̀ pé nǹkan ò dáa mọ́.

Láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì nilẹ̀ wa kó sínú ẹ̀: ọdún 2016 àti ọdún 2020.

Ti ọdún 2016, epo rọ̀bì ló dá a sílẹ̀. Ní àárín ọdún 2014, àgbá epo kan ju 100 dọ́là lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, kò pé 30 dọ́là mọ́. Lọ́dún yẹn kan náà làwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ ń fọ́ páìpù epo ní Niger Delta, nítorí náà ìwọ̀nba epo tó kù láti tà gan-an tún dín kù. Ẹ lè ní kí ló kan aláta nínú epo rọ̀bì. Ó kàn án o. Epo yẹn la fi ń rí dọ́là, dọ́là la fi ń kó ọjà wọlé. Nígbà tí dọ́là wọ́n, báńkì àgbà ilẹ̀ wa ti kọ́kọ́ sọ ní oṣù kẹfà ọdún 2015 pé ẹni tó bá fẹ́ kó ọjà 41 kan wọlé kò gbọdọ̀ rí dọ́là gbà lọ́wọ́ báńkì mọ́. Ẹ rántí àwọn ọjà náà? Resì wà níbẹ̀, epo pupa wà níbẹ̀, tòmátò alágolo, ẹja alágolo, ọṣẹ, títí kan igi pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí a fi ń yọ ẹran láàárín eyín. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni má tà á. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kó lọ wá dọ́là rẹ̀ síta. Síta wá di ibi tí gbogbo ayé ń sáré lọ. Náírà 197 ni dọ́là kan ní báńkì kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2016, àmọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó ní títì, ó kọjá náírà 500 ní oṣù kejì ọdún 2017. Ọdún 1991 ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn kí gbogbo ọrọ̀ ajé ilẹ̀ yìí dín kù fún odindi ọdún kan. Lọ́dún 2016, ó dín ní nǹkan bíi náírà kan àti 60 kọ́bọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náírà.

Ẹ wá wo bó ṣe ń rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìkẹjà, ní Ìsọlọ̀, ní Ìlúpéjú, òkè òkun lọ̀pọ̀ wọn ti ń ra ohun èlò. Dọ́là ò sí, ohun èlò ò dé, ẹ̀rọ dúró. Ẹ̀rọ tó dúró ò nílò ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gé iṣẹ́ alẹ́, wọ́n gé owó àfikún iṣẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n ní káwọn kan máa lọ sílé. Ẹni tó máa ń yà lọ́dọ̀ wa ní ìrọ̀lẹ́ ra ẹja dínńdín àti búrẹ́dì, a ò rí i mọ́. Nígbà tí a tún rí i, àwìn ló bá dé.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Àwọn aláṣọ wa ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà mọ̀ pé èrò ọ̀nà jíjìn ló ń gbé ọjà wọn. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù nígbà náà. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, láti ọdún 2015 títí di àárín ọdún 2018, ìdajì owó oṣù làwọn òṣìṣẹ́ onípò gíga ń gbà. Tí owó òṣìṣẹ́ Òṣogbo bá di ìdajì, ẹni tó ń ra áńkárá ní Balógun lọ tà ní Òṣogbo ń kọ́? Ẹni tó sì ń ta oúnjẹ fún aláṣọ náà ní Balógun? Okùn kan náà ni gbogbo wa so mọ́.

Wọ́n ní a jáde kúrò nínú ẹ̀ láàárín ọdún 2017. Òótọ́ ni. Owó epo gbérí díẹ̀, páìpù sinmi díẹ̀, dọ́là sọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé ohun kan tó jọ pé ó ń ru wá lójú jù. Nígbà tí nǹkan bá ń bàjẹ́, ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti ọlọ́jà kékeré ló kọ́kọ́ ń kàn. Nígbà tó bá ń dáa bọ̀, àwa náà ló máa ń kàn gbẹ̀yìn. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun èlò gbà kò ní gba èèyàn tuntun lọ́jọ́ kejì. Á ní káwọn tó kù ṣe iṣẹ́ wákàtí púpọ̀ sí i. Tó bá rí i pé ọjà ń lọ fún oṣù bíi mélòó kan, á wá pe mélòó kan padà. Owó oṣù? Ìyẹn ló kẹ́yìn, torí pé nígbà tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá ń wá iṣẹ́ kan, ta ló fẹ́ fi owó kún ti ẹni tó wà níbẹ̀? Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ sáwọn alábàárù. Nígbà tí alábàárù bá pọ̀ lẹ́nu géètì, ṣé a kì í ná an wálẹ̀ ni?

Ìkejì, ìwọ̀n tó fi gbérí kò tó nǹkan. Ọdún 2017, kò pé náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà. Ọdún 2018, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà méjì. Ọdún 2019, ó lé díẹ̀ ní méjì. Ọmọ tí à ń bí ńkọ́? Èrò ilẹ̀ wa ń fi bíi méjì àbọ̀ lé sí i nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Ẹ fojú inú wo ìkòkò àmàlà. Ẹ ro ẹ̀kún ṣíbí méjì kún un, ìkòkò ti tóbi jù tàná lóòótọ́, kò sẹ́ni tó purọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹnu tó jókòó yí i ká ti pọ̀ ju ṣíbí lọ. Òkèlè olúkúlùkù kéré ju ti àná. Ohun tí rédíò ń sọ ni ìkòkò, ohun tí ìyá elélùbọ́ ń bi wá ni òkèlè.

Ìjọba Èkó náà ò káwọ́ gbera lásìkò yẹn o, ká sọ òótọ́. Lọ́dún 2016, nígbà Gómìnà Ambode, wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ṣíṣe, wọ́n ní àwọn á fi bílíọ̀nù 25 náírà sí i láàárín ọdún mẹ́rin. Àwọn oníṣòwò kékeré lè yá tó N500,000, èlé rẹ̀ sì jẹ́ náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Ẹ fi wé ti àwọn tó ń yá wa lówó lójoojúmọ́ nínú ọjà yìí! Lọ́dún 2018, ìjọba àpapọ̀ náà gbé owó N10,000 tí kò ní èlé wá, èyí tí wọ́n pè ní TraderMoni. A rí ẹni tó fi ra pèpà tó fi bẹ̀rẹ̀ títa omi inú ọ̀rá. A sì rí ẹni tó gbà pé owó ìbò ni, tó fi jẹun tán, tí kò sì dá a padà. Ẹ̀yin náà mọ ara yín.

A ò tíì mí kanlẹ̀ tí àrùn Kòrónà fi dé. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Abuja pa. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sílẹ̀. Oúnjẹ nìkan ló ráyè, aláṣọ, oníbàtà, oníkẹ́míkà irun, gbogbo wọn jókòó sílé, owó ìsọ̀ sì ń kà. Láàárín oṣù kẹrin sí ìkẹfà ọdún yẹn, gbogbo ọrọ̀ ajé dín ní náírà mẹ́fà ó lé díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ọjà títà nìkan dín ní ohun tó ju 16 lọ. Ẹ rí i pé àwa ló gba igi náà lórí. Nígbà tí wọ́n wá kéde pé a ti jáde ní ìparí ọdún 2020, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ló gbé wa jáde. Ọjà títà ṣì ń lọ sẹ́yìn nígbà náà. Nítorí náà, ẹni tó ń ta sìmù kádì àti ẹni tó ń ta abẹ́tí-ajá lè jẹ́ aládùúgbò, kí ọ̀kan máa dúpẹ́ kí èkejì máa sunkún.

Iṣẹ́ tuntun wá ṣú yọ, a ò lè sẹ́ ẹ. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀rọ pí-ó-ẹ́sì sanwó lábẹ́ agboòrùn. Ẹ wo àwọn tó ń fi ọ̀kadà gbé ọjà lọ sílé oníbàárà, pàápàá lẹ́yìn tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà elérò láwọn àdúgbò kan ní oṣù kejì ọdún 2020. Lásìkò tí owó tuntun wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, àwọn oní-pí-ó-ẹ́sì ló di báńkì wa. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní owó oṣù, kò ní ìfẹ̀yìntì, ọjọ́ tí ara ò bá yá, owó ò wọlé. Gẹ́gẹ́ bíi tiwa náà ni.

Èyí ló gbé wa dé orí ọ̀rọ̀ tí inú bí wa sí jù nígbà tí a ń wádìí. Ní ìparí ọdún 2020, ìjọba ní nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń fẹ́ ṣiṣẹ́, 33 ni kò níṣẹ́. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n ní mẹ́rin péré ni. Háà! Ibo ni 29 wá iṣẹ́ sí? Wọn ò wá iṣẹ́ síbì kan. Kóńgò ni wọ́n pààrọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, wọ́n kà á mọ́ aláìníṣẹ́. Pẹ̀lú ìlànà tuntun, ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré láàárín ọ̀sẹ̀, ó níṣẹ́. Wọ́n ní bí gbogbo àgbáyé ṣe ń kà á nìyẹn, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwa tí a mọ ìyàtọ̀ láàárín kóńgò gidi àti kóńgò tí wọ́n lù ní ìdí wọnú, a ò ní fi iye tí èyí wọ̀n wé iye tí ìyẹn wọ̀n, ká wá ní gàrí ti pọ̀ sí i. Tí ẹ bá tún gbọ́ ọ lórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé kóńgò wo ni.

Nínú ìwé kan náà, ó wà níbẹ̀ pé nínú èèyàn mẹ́rin tó níṣẹ́, bíi mẹ́ta ló ń ṣe ti ara wọn. Àwa nìyẹn. Àwa gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n ń kà.

Ó wá ku owó oṣù. Ọdún 2011, N18,000 ni owó tó kéré jù tí òfin ní kí wọ́n san. Oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí N30,000, Èkó san N35,000. Oṣù keje ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí N70,000. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Gómìnà Sanwo-Olu kéde N85,000 fún Èkó, Ọ̀yọ́ mú N80,000, Ògùn mú N77,000. Ẹni tó bá ka èyí nìkan á ní òṣìṣẹ́ ti là.

A bá ṣí ìwé ọjà wa. Lọ́dún 2014, bàgì resì ńlá kan wà láàárín N9,000 sí N10,000. N18,000 fẹ́rẹ̀ẹ́ ra bàgì méjì. Ní ìparí ọdún 2016, nínú rìsẹ́ṣọ̀n yẹn, bàgì kan ti tó bíi N20,000, owó oṣù ò sì tíì kúrò ní N18,000, nítorí náà kò ra ẹyọ kan mọ́. Ní ìparí ọdún 2019, tí wọ́n ti ti ẹnu ibodè pa, N30,000 ra ọ̀kan ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ní ìparí ọdún 2024, N70,000 ò ra odindi bàgì kan, ti Èkó gan-an, ká máa ná an lọ ká máa ná an bọ̀ ni. Tí a bá fi dọ́là wò ó, N70,000 lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i kò pé 50 dọ́là.

Ohun tó yà wá lẹ́nu ni pé rìsẹ́ṣọ̀n kankan ò sí nínú ìwé ìjọba lọ́dún 2023 àti 2024. Ìkòkò ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún méjèèjì ló nira fún wa ju ti 2016 lọ. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, jálá kan tí kò tó N200 di bíi N500 lójú ẹsẹ̀, ó sì ti kọjá N1,000 ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Wọ́n tún tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Owó ọkọ̀ láti Mile 12, owó tírélà láti òkè ọya, gbogbo ẹ̀ bọ́ sórí tòmátò. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, wọ́n ní ọjà tó jẹ́ N1,000 lọ́dún tó ṣáájú ti di bíi N1,350. Iye ohun tí a ṣe ni wọ́n fi ń ka rìsẹ́ṣọ̀n, wọn kì í ka iye tí owó ọwọ́ wa lè rà. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn, á rò pé orí òun ni kò pé.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìsọ̀, a ò sì fẹ́ sá fún un. Òfin owó oṣù yẹn kò kan ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé 25. Kò sẹ́ni nínú wa tó ní ọmọ ìsọ̀ 25, nítorí náà ọlọ́pàá ò ní wá gbé wa. Ìyẹn ni àwọn ìyá wa kan dúró lé nínú ìpàdé. Wọ́n tún ní àwọn ń fún ọmọ lóúnjẹ ọ̀sán, àti pé èrè ti kéré. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a ṣí ìwé wa, a rí i pé N15,000 tí à ń san fún ọmọ tó wà lọ́dọ̀ àwa tí a ń kọ ìwé yìí lọ́dún 2020, N20,000 la sọ ọ́ dà lọ́dún 2022, òun náà la ṣì ń san títí ọdún 2024 fi parí. Láàárín ìgbà yẹn, owó resì tí àwa ń tà ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ó ń fi ju ìdajì owó náà wọ mótò wá sọ́dọ̀ wa. Àwa tí à ń bú ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti gómìnà, ohun kan náà la ṣe. Ojú tì wá nígbà tí a ka á sókè nílé, ọkọ wa ló ní ká tún un kà.

A mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ di N85,000 lọ́jọ́ kan. Ọjà ò gbé e. Ìmọ̀ràn tí a fẹ́ gbé wá ni pé kí olúkúlùkù kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ ọmọ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀, kí ìyá ìsọ̀ máa san ìyẹn lọ́tọ̀, kí a sì máa tún owó ọmọ yẹ̀ wò ní oṣù kìn-ín-ní lọ́dọọdún bí a ṣe ń tún owó ẹgbẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ lè ní ó ti pọ̀ jù. Ìyẹn la fẹ́ jíròrò.

Ọjọ́bọ̀ tí ọjà ìgbálẹ̀ bá bọ́ sí nípàdé wa, aago méje àárọ̀, kí a tó ṣí ìsọ̀. Kí olúkúlùkù mú ìwé rẹ̀ dání: iye tó ń san fún ọmọ lọ́dún 2020, iye tó ń san nísinsìnyí, àti iye tí bàgì tàbí àpò ọjà rẹ̀ jẹ́ lọ́dún méjèèjì. Ẹni tí kò mọ̀wé kọ, kó mú ọmọ rẹ̀ tó wà nílé ìwé wá. Àwọn ọmọ ìsọ̀ náà lè wá, kí wọ́n jókòó sínú ilé lọ́tẹ̀ yìí.